ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ ÀPỌ́SÍTÉLÌ JÓSẸ́FÙ AYỌ̀ BABALỌLÁ: ẸNI TÍ Ó DÁKẸ́ KÍ Ó TÓ GBỌ́

  

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ó yẹ kí a mú ìtàn ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbàgbọ́ tí ó ti sùn wá sí iwájú ìjọ, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ibi tí a ti ń bọ̀, kí àwa àgbà náà sì lè yẹ ara wa wò. Orúkọ ẹni tí a mú wá yìí kì í ṣe tuntun létí yín. Kò sí ìjọ Aládùúrà kan, yálà ó ń wọ aṣọ funfun tàbí kò wọ̀ ọ́, tí kò tíì gbọ́ nípa Àpọ́sítélì Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá. Bí a bá sì dárúkọ rẹ̀, agogo ọwọ́ rẹ̀, omi ìyè, àti ìsọjí ńlá ti Iléṣà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rántí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a fojú sí ni èyí tí ó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí, tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyíinì ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọkàn.

Odò tí a bá ń fi ẹsẹ̀ rú, a kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ó bá tòrò ni a tó lè rí òkúta àti ẹja inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn ènìyàn rí. Ọgbọ́n kì í wọ inú ọkàn tí ó dàrú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí Ọlọ́run ṣe mú ọkàn ọmọ ìpínlẹ̀ wa yìí tòrò kí Ó tó fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1904 ni a bí i ní Odò-Ọ̀wá, lẹ́bàá Ìlọfà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí. Láyé ìgbà náà, abẹ́ Ìlọrin ni àdúgbò yẹn wà nínú ètò ìjọba àwọn òyìnbó, nítorí náà bí a bá pè é ní ọmọ wa, a kò purọ́. Dáfídì Rótìmí ni orúkọ bàbá rẹ̀, Màtá Tàlàbí sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì C.M.S. ni wọ́n, bàbá rẹ̀ gan-an sì ni Bàbá Ìjọ ní Odò-Ọ̀wá. Ilé àdúrà ni a bí i sí, kì í ṣe pé ó ṣèèṣì bá Ọlọ́run pàdé lójú ọ̀nà.

Ní ọdún 1914, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi mú un lọ sí Òṣogbo, ó sì wọ ilé-ìwé. Ìwé Kẹrin ni ó kà dé tí ó fi fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rò pé ọmọ yín ti tán láyé nítorí pé kò wọ yunifásítì, ẹ fi èyí sọ́kàn. Lẹ́yìn ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ilé àrọ rí mọ̀ pé iṣẹ́ náà gba sùúrù: irin kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ àfi ìgbà tí iná bá ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba ní P.W.D., àwọn tí ń la ọ̀nà mọ́tò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà.

Ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ọ̀nà kí ó lè le ni wọ́n fi sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí, ooru omi ni ẹ̀rọ ìgbà náà fi ń ṣiṣẹ́. Iná á máa jó lábẹ́, omi á máa hó nínú, èéfín á máa rú gùdùgùdù, àgbá irin ńlá á sì máa yí lórí òkúta. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó wà lórí rẹ̀ kì í gbọ́ bí wọ́n bá ń pè é láti ìsàlẹ̀. Inú ariwo yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin Babalọlá ń gbé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Owó oṣù ń wọlé, iṣẹ́ òyìnbó sì ni, ohun àmúyangàn ni láyé ìgbà náà.

BÍ Ọ̀GBẸ́NI NÁÀ ṢE GBỌ́ ÌPÈ

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1928, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é. Oorun dá lójú rẹ̀. Alẹ́ kìíní, kò sùn. Alẹ́ kejì, bákan náà. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí ara rẹ̀ kò fi balẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe gbèsè, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí ohun kan ń rìn nínú wa tí a kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé a ó wá ohun tí a ó fi bò ó mọ́lẹ̀: a ó tan rédíò, a ó jáde lọ bá ọ̀rẹ́, a ó gbé fóònù. Ọlọ́run kò jẹ́ kí Babalọlá bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ó wà lórí ẹ̀rọ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, lágbègbè Ìkéjì-Arákéjì. Lójijì, ẹ̀rọ kú. Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọn kò rí ohun tó ṣe é. Inú ìparọ́rọ́ tó tẹ̀ lé e ni ohùn ńlá kan ti pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ó sì sọ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, bí kò bá fi í sílẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ á lọ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ètò ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ dákẹ́, kí ohùn tó wá. Ọlọ́run Alágbára lè sọ̀rọ̀ kí ó borí ariwo ẹ̀rọ, ta ni yóò dá A dúró? Ṣùgbọ́n ariwo ni Ó kọ́kọ́ pa. Ọ̀nà Rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà pípẹ́. Òru ni Ó pe Sámúẹ́lì, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, ó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí Élì tó mọ̀ pé Olúwa ni. Èlíjà náà, nígbà tó dúró lórí òkè Hórébù, ìjì kọjá, ilẹ̀ mì, iná jó, kò bá Olúwa nínú ọ̀kankan wọn. Ohùn jẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ni ó mú un fi aṣọ bo ojú.

Ọ̀gá òyìnbó rẹ̀ gbìyànjú láti dá a lẹ́kun, nítorí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Babalọlá kò gbà. Ó kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ní ọkàn tó ń dàrú, yóò ní kí òun ro ó wò títí oṣù á fi parí, kí òun lè gba owó. Ọkàn tó ti gbọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

ÀWẸ̀ ÀTI EÉRÚ

Kò lọ wàásù lọ́jọ́ kejì. Èyí ni ibi tí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. A ní kí ó gba àwẹ̀ ọjọ́ méje, ó sì gbà á. Nínú àwẹ̀ yìí ni ó ti rí ìran, tí a fi agogo lé e lọ́wọ́, tí a sì ṣèlérí agbára omi ìyè fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fẹ́ agogo, a ò fẹ́ ọjọ́ méje náà. A ń fẹ́ ìran tó lágbára, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ara á ti máa yún wa.

Lẹ́yìn èyí, a rán an padà sí ìlú rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni ó wọ Odò-Ọ̀wá, ó fi eérú pa ara, ó mú màrìwò lọ́wọ́, ó ń kéde ìrònúpìwàdà. Àwọn ènìyàn sá, àwọn mìíràn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ rò ó wò ná, ọmọ Bàbá Ìjọ, òṣìṣẹ́ ìjọba àná, ó wá di ẹni tí ọmọdé ń wò bí wèrè lọ́jà! Ìtìjú náà kò kéré fún ẹbí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá, ìpàdé àdúrà bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ C.M.S. níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń rí ìran, wọ́n ń fi èdè mìíràn gbàdúrà, àwọn aláìsàn ń gba ìwòsàn. Èyí kò tẹ́ àwọn aláṣẹ ìjọ lọ́rùn, wọ́n sì ní kí òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e jáde. Ilé tí bàbá rẹ̀ ti ń jókòó síwájú ni wọ́n ti lé e. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti fi gbẹ̀san.

BÍ Ó ṢE DARAPỌ̀ MỌ́ ÀWỌN ÀGBÀ

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa àwọn tí ó bá pàdé. Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tí ó pa àìlóǹkà ènìyàn jákèjádò ayé dé ilẹ̀ wa. Wọ́n ti ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì pa, àwọn dókítà kò rí ọwọ́ mú. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ C.M.S. kan, tí Bàbá J. B. Ṣadáre jẹ́ olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí pé jọ láti gbàdúrà. Wọ́n pe ara wọn ní ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Àwọn ni wọ́n wá bá ìjọ Faith Tabernacle ti Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ìwé, tí wọ́n sì gba orúkọ náà. Ní Èkó, Pásítọ̀ D. O. Ọdúbanjọ wà lára àwọn àgbà wọn.

Ọ̀dọ̀ wọn ni Babalọlá lọ. Ní Èkó ni wọ́n ti rì í bọmi ní ọdún 1929. Ẹ wo ẹni tí ó gbọ́ ohùn fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rọ kú nítorí rẹ̀, tí ó sì tún tẹ orí ba fún àwọn àgbà kí wọ́n yẹ ohun tó gbọ́ wò, kí wọ́n sì fi Ìwé Mímọ́ wọ̀n ọ́n. Ọgbọ́n tó bá ti inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wá kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò. Ìran tí kò fẹ́ kí àgbà kankan bi í léèrè, ẹ ṣọ́ra fún un.

ÌSỌJÍ ILÉṢÀ NÍ ỌDÚN 1930

Nínú oṣù keje ọdún 1930, àwọn olórí Faith Tabernacle pé jọ sí Iléṣà láti yanjú àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Babalọlá wà níbẹ̀. Ìtàn ìjọ sọ pé lákòókò ìpàdé yìí ni wọ́n gbé ọmọ kan tó ti kú wá, tí Babalọlá sì gbàdúrà tí ọmọ náà jí. Bí iná ọyẹ́ ni ìròyìn náà ràn. Ní Òkè-Oòyè, èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ wá, láti Ìbàdàn, láti Ìjẹ̀bú, láti Abẹ́òkúta, láti Èkó, títí dé apá Bìní. Wọ́n gbé korobá omi wá fún àdúrà, wọ́n kó ère àti oògùn ìbílẹ̀ jáde, wọ́n sun ún.

Kí ni ó fà á tí èrò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ìyanu nìkan. Owó kòkó ti já wálẹ̀ nítorí ìdàrúdàpọ̀ ọrọ̀-ajé tó kọlu gbogbo ayé ní ọdún 1929, owó-orí sì ń dúró de olúkúlùkù. Ikú tí àrùn ọdún 1918 pa kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó sin ẹbí wọn. Ọkàn àwọn ènìyàn ti dàrú pátápátá. Wọ́n ń wá ẹni tí ọkàn tirẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí ó ń rì sínú omi kì í di ẹlòmíràn tó ń rì mú kí ó rí ìgbàlà. Ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ ni yóò nawọ́ sí.

Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ jẹ́rìí pé kì í jẹun púpọ̀, àti pé òru rẹ̀, fún àdúrà ni. Nígbà tí èrò bá sùn, òun a jí. Ìyẹn ni pé ariwo tí à ń gbọ́ nínú ìtàn Òkè-Oòyè, àkúnwọ́sílẹ̀ ni. Orísun rẹ̀ wà níbi tí ẹnìkan kò sí. Bí a bá gba àkúnwọ́sílẹ̀ tí a sì gbàgbé orísun, kò ní pẹ́ tí ìkòkò á fi gbẹ.

Láti Iléṣà ó dé Ọ̀fà níbí, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Ó kọjá sí Èkìtì, ó dé Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ti gbilẹ̀. Ọba Ẹ̀fọ̀n gba ìgbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọba Arámọkọ. Igbó tí àwọn ará ìlú ń bẹ̀rù, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ wọ̀, ni ó wọ̀ lọ gbàdúrà. Ẹni tí ó ti dá nìkan wà pẹ̀lú ọkàn ara rẹ̀ kì í tètè bẹ̀rù igbó.

Ẹ̀WỌ̀N NÍ BÌNÍ

Ní ọdún 1932, ìjọba òyìnbó mú un. Ọ̀rọ̀ àjẹ́ ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, nítorí pé òfin ìjọba kò fi àyè gba kí ẹnikẹ́ni máa tọ́ka sí ènìyàn pé àjẹ́ ni. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ọ̀pọ̀ rò pé iṣẹ́ náà ti parí. Ó jáde, ó sì tún bá iṣẹ́ lọ, ó dé Calabar, ó tún dé Gold Coast tí ó wá di Ghana.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan níbí, kí ẹ má bínú. A kì í fi ẹ̀wọ̀n yìí ṣe ẹ̀kọ́ tó bó ṣe yẹ. Títí di òní, àwọn ìyá arúgbó wà tí wọ́n ń jìyà nílé ọmọ wọn nítorí pé ẹnìkan ní òun rí wọn lójú ìran. Ìran lórí ọmọlàkejì kì í ṣe ohun tí à ń sáré sọ. Ọkàn tó dákẹ́ kọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀ pé ṣé kì í ṣe ìbínú mi ni mo ń pè ní ìran, ṣé kì í ṣe ẹ̀rù mi ni mo ń pè ní ohùn Ọlọ́run. Ẹni tí kò bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí lè tú ilé onílé ká, kí ó sì máa dúpẹ́ pé òun jíṣẹ́.

ÌPÍNYÀ ÀTI ÌDÁSÍLẸ̀ ÌJỌ C.A.C.

Ní ọdún 1931, àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà wa sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ mọ́ wọn, nítorí wọ́n nílò ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún wọn lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí ó yá, èdèkòyédè dé. Àwọn míṣọ́nnárì ń lo oògùn ibà, àwọn tiwa sì gbà pé àdúrà nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa darí ìjọ náà tún wà níbẹ̀. Bí ọdún 1940 ti ń súnmọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pínyà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1943 ni wọ́n forúkọ ìjọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ kedere pé lónìí ọ̀pọ̀ ọmọ Aládùúrà ń gbàdúrà, wọ́n sì ń lọ sí ọsibítù, Ọlọ́run kan náà ni ó fún dókítà ní ọgbọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ Bàbá Babalọlá dá aláìsàn dúró sílé.

Ohun tí ó wú mi lórí nínú ètò ìjọ náà ni ipò tí Babalọlá gbà. Òun ni gbogbo ayé mọ̀, òun ni èrò ń tẹ̀ lé. Síbẹ̀ kì í ṣe òun ni ààrẹ. Bàbá Isaac Akínyẹlé, ẹni tí ó wá di Olúbàdàn ní ọdún 1955, ni ààrẹ; Pásítọ̀ Ọdúbanjọ ni alábòójútó àgbà; Babalọlá sì jẹ́ Ajíhìnrere àgbà. Ó mọ ohun tí a pè é sí, kò sì du ti ẹlòmíràn. Ẹ̀yin olórí ìjọ àti olórí ẹgbẹ́, ìjà ipò tó ń fa ìjọ ya káàkiri, àìgbọ́ ni. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ibi tí Ọlọ́run fi í sí ni yóò máa bá ẹlòmíràn du àga.

ÌKÚ RẸ̀

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1959 ni ó sùn nínú Olúwa ní ìlú Ẹdẹ. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni wọ́n sin ín sí. Àwọn òkè tí ó ti máa ń gbàdúrà ti di ibi tí èrò ń lọ, Orí Òkè Ìkòyí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní Ìkéjì-Arákéjì, níbi tí ẹ̀rọ ti kú, ìjọ C.A.C. dá yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún 2006, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Ẹni tó ka Ìwé Kẹrin, yunifásítì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀!

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní: Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe pípa ẹnu mọ́ nìkan. Ènìyàn lè pa ẹnu mọ́ kí inú rẹ̀ dà bí Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí ọjà kún. Ẹ̀rọ ti inú wa ni kí a ní kí Ọlọ́run pa: ẹ̀rọ ìlara, ẹ̀rọ gbèsè, ẹ̀rọ ohun tí ará ilé sọ níjẹta.

Èkejì: Ẹ má jẹ́ kí a máa rán ẹlòmíràn lọ gbọ́ fún wa títí ayé. Gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ìjọ, ọwọ́ mi ni ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà máa ń kọjá. Ẹni tó ń fẹ́ kí wòlíì bá òun wo ọkọ, wo iṣẹ́, wo ìrìnàjò, wọ́n pọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pé kí a gbàdúrà kí òun náà lè gbọ́, ó ṣọ̀wọ́n. Wòlíì dára, Élì ni fún Sámúẹ́lì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Élì ni láti rán Sámúẹ́lì padà lọ dùbúlẹ̀ kí ó lè gbọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ná owó, tí ó ti tú ìgbéyàwó tó dára ká, tí ó ń ti orí òkè kan bọ́ sí òmíràn, nígbà tí ìdáhùn wà nínú yàrá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ohun tí a bá gbọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe gbogbo ohùn ni ohùn Olúwa. Ohùn tó ní kí o ṣe ara rẹ tàbí ẹlòmíràn ní jàǹbá, kì í ṣe tirẹ̀. Sáré sọ fún àgbà, kí wọ́n sì mú ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà bí ó bá yẹ.

Ẹ̀kẹrin: Lẹ́yìn ìdákẹ́, iṣẹ́. Babalọlá kò jókòó sínú igbó títí ayé. Ó jáde, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìlú dé ìlú. Ẹni tó ní òun ń wá ojú Ọlọ́run tí kò sì fẹ́ ṣiṣẹ́, ọ̀lẹ ni, kì í ṣe ìjìnlẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Ẹnìkan lè ní, Akọ̀wé, ìlú ariwo ni a wà, mọ́tò àti ọ̀kadà kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ràn ní Post Office, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ wa pàápàá kò sinmi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò ní kí gbogbo wa lọ gun Òkè Sóbì. Agogo mẹ́rin ìdájí ń bẹ ní gbogbo ilé. Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí ń jí fún àsùbáà lójoojúmọ́, kí ló dé tí ọmọ Aládùúrà kò fi lè jí?

Jí ṣáájú àwọn ọmọ. Fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá kejì. Ka Sáàmù kan, má kánjú. Sọ ohun tí ń dùn ọ́ fún Ọlọ́run ní gbólóhùn díẹ̀, lẹ́yìn náà dákẹ́. Èrò á máa sáré wá: owó ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Má bá wọn jà, má sì tẹ̀ lé wọn. Jẹ́ kí wọ́n kọjá bí ẹni tí ń wo mọ́tò lójú títì. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún kò bá rọrùn lọ́jọ́ kìíní, ti ọjọ́ kẹwàá á sàn díẹ̀. Ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kọ ohun tó bá wá sí ọ lọ́kàn sílẹ̀, kí o sì wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bóyá ó ṣì dúró. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń wá kiri, bí ẹni ń wá fìlà tó wà lórí rẹ̀ ni.

Mo bẹ ẹ̀yin aṣíwájú ìsìn pẹ̀lú, nínú ìṣọ́-òru wa, ẹ jẹ́ kí àyè díẹ̀ wà tí agogo kò ní lù, tí ìlù kò ní dún, tí olúkúlùkù á kúnlẹ̀ ní ìparọ́rọ́. Ariwo ayọ̀ wa kò ní dínkù nítorí ìyẹn. Yóò ní gbòǹgbò ni.

Ọlọ́run tí ó pe ọmọ Odò-Ọ̀wá lójú ọ̀nà Iléṣà, kí Ó pe àwa náà ní orúkọ, kí Ó sì bá wa nílé. Kí ìjọ wa má gbẹ, kí àwọn àlejò wa padà sílé láyọ̀, kí ọdún mìíràn tún bá gbogbo wa láàyè. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ, Ìlọrin